Dókítà McWilliam àti Ibà Pọ́njú ní Erékùṣù Boa Vista

James Ormiston McWilliam, ọmọ bíbí ìlú Dalkeith ní Scotland, tí a bí ní ọdún 1808, jẹ́ oníṣègùn láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun sì ni ìjọba rán ní ọdún 1846 sí Boa Vista, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Cape Verde tó wà lábẹ́ àwọn Pọtogí nígbà náà, pé kó lọ tọ pinpin ibà pọ́njú tó ti ń pa àwọn ará ibẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Kò rí oògùn àrùn náà, kò sì mọ ohun tó ń gbé e káàkiri. Síbẹ̀, ọgbọ́n tó fi gbọ́ ọ̀ràn náà láti ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù, tó sì gba ẹ̀rí wọn gbọ́, ju èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ní lọ.

Ibà ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe àjèjì sí i. Ní ọdún 1841, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ eléèéfín mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè Odò Ọya, ìrìn àjò tí Àjàyí Crowther, tí kò tíì di àlùfáà nígbà náà, bá wọn lọ, McWilliam ni olórí oníṣègùn inú ọkọ̀ Albert. Ibà ya lu àwọn òyìnbó náà, nǹkan bí 40 nínú wọn sì bá a lọ. Ọ̀gákọ̀ dùbúlẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀, títí ó fi di pé McWilliam, tí kò kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ rí, ló di ọkọ̀ mú, tí Dókítà Stanger, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, sì ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ, tí àwọn méjèèjì fi ń tu àwọn aláìsàn náà bọ̀ níhà òkun, kí John Beecroft tó wá pàdé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ Ethiope. Ẹni tó ti la irú èyí já kì í fi ọ̀rọ̀ ibà ṣeré.

Ọkọ̀ tó dá ọ̀ràn Boa Vista sílẹ̀ ni Eclair, ọkọ̀ ogun eléèéfín tí wọ́n fi ń lé àwọn olówò ẹrú ní etíkun wa níhìn-ín. Ibà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn atukọ̀ rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Sierra Leone, nígbà tó sì dé Boa Vista ní oṣù kẹjọ ọdún 1845, wọ́n gbà wọ́n láyè láti kó àwọn aláìsàn sínú ilé ìṣọ́ kan lórí erékùṣù kékeré tó kọjú sí ìlú Porto Sal Rei. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń sin òkú, tí àwọn ará ìlú ń bá wọn ru ẹrù, tí àwọn obìnrin alágbàfọ̀ sì ń fọ aṣọ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣíkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án, ikú bá wọn lọ: Estcourt, ọ̀gákọ̀ wọn, kú lójú omi, bẹ́ẹ̀ ni Sidney Bernard, dókítà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti tọ́jú wọn, kú nígbà tí wọ́n sé wọn mọ́nú ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Erékùṣù Burntwick, létí odò Medway, ni wọ́n sin ín sí.

Boa Vista ni ìyókù rẹ̀ já lé. Orí fífọ́, ẹ̀yìn dídùn àti otútù ni apanimáyọdà yìí fi í kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ara aláìsàn lè balẹ̀, kí àwọn ará ilé máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n lára ẹlòmíràn á tún padà bọ̀, ojú àti awọ ara á di àwọ̀ ìyeyè, èébì dúdú bí èédú tí a lọ̀ sómi á sì máa gba ẹnu jáde. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ ní erékùṣù tí èrò rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ.

Àwọn ará ìlú ti ní èsì tiwọn: Eclair ló gbé àrùn náà wá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ṣùgbọ́n McWilliam mọ̀ pé ìfura nìkan kò tó. Ó pe àwọn sójà, àwọn alágbàfọ̀, àwọn alágbàṣe àti àwọn ìyàwó ilé jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ́kọ́ ṣàìsàn nílé yín? Ọjọ́ wo ni? Ta ló tọ́jú rẹ̀? Ta ló tẹ̀ lé e? Ó kọ ìbéèrè sílẹ̀, ó kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Báyìí ni ọ̀nà náà ṣe hàn. Lẹ́yìn tí Eclair ti lọ, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ilé ìṣọ́ náà ṣàìsàn, méjì nínú wọn sì kú. Àwọn tó kù kọjá sí àdúgbò àwọn tálákà nínú ìlú. Obìnrin kan tó múlé gbè wọ́n ló sì kọ́kọ́ kú ní Porto Sal Rei, ní oṣù kẹwàá. Láti ẹnu ọ̀nà obìnrin náà ni àrùn ti ń ti ilé bọ́ sílé, láti Porto Sal Rei bọ́ sí àwọn abúlé. McWilliam parí ọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ ló gbé e wá.

Ìdájọ́ yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú ní London, nítorí ẹni tó bá gbà pé ọkọ̀ ń gbé ibà kiri ní láti gbà pé ó yẹ kí a máa sé ọkọ̀ mọ́ ibùdó, owó ńlá sì ni èyí máa ń pa àwọn oníṣòwò. Sir William Burnett, olórí àwọn oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi, tako ìwé àbọ̀ tí McWilliam kọ, ó sì rán Dókítà Gilbert King lọ láti tún wádìí. Èsì tí King mú bọ̀ yàtọ̀. Ohun tó jẹ́ kí àríyànjiyàn náà pẹ́ ni pé McWilliam rò pé láti ara ẹnìkan ni àrùn ti ń bọ́ sára ẹlòmíràn, nígbà tí àwọn kan wà tí wọ́n fọwọ́ kan aláìsàn tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

Carlos Finlay ni ó tú kókó náà ní Havana, ní ilẹ̀ Cuba, ní ọdún 1881, nígbà tó wí pé ẹ̀fọn ni. Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nítòsí ìlú náà ní ọdún 1900. Ẹ̀fọn yìí a máa yé sínú àgbá àti ìkòkò omi, nínú ọkọ̀ àti nínú ilé. Bó bá sì mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ọjọ́ púpọ̀ ni àrùn náà yóò lò nínú rẹ̀ kó tó lè bù ú fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìgbà tí Eclair ti lọ tán ni àwọn sójà tó kù sẹ́yìn ń ṣubú. Yábàá ní Èkó náà ní ìpín nínú ìtàn yìí: ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí àjọ Rockefeller rán fìdí kalẹ̀ sí ní ọdún 1925, àwọn ni wọ́n rí kòkòrò àìfojúrí àrùn náà mú ní ọdún 1927, ọdún náà gan-an sì ni àrùn yìí pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ní Èkó. Láti ara èyí tí wọ́n rí mú náà ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà títí dòní.

McWilliam kò dúró rí gbogbo èyí. Wọ́n fi í ṣe dókítà ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè ní London ní ọdún 1847, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń wádìí àjàkálẹ̀ àrùn kí ó tó kú ní ọdún 1862. Ìwé àbọ̀ rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1847, ṣì wà, ẹ̀rí àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn sójà Boa Vista sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.