Nígbà tí igba ojú ku méjì: òbí àti ọmọ lásìkò kónílé-ó-gbélé ní Ìlọrin

Ìtàn tòní kò jìnnà rárá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣojú ẹ̀. Ìtàn kónílé-ó-gbélé ni, àmọ́ kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti ìbòmú. Ti òbí àti ọmọ inú ilé ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Adéwọlé, níbí ní Ìlọrin, ni mo wà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì níbi tí mo fẹ́ lọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, àgbà mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta. Ilé ìwé aládàáni kan ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ni, àtìgbà tí ilé ìwé sì ti wà ní títì ni owó oṣù ti dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wọn kejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tún béèrè pé, "Mọ́mì, ìgbà wo la máa jáde?" Ó ti béèrè ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ náà. Kí n tó gbójú sókè, ìgbátí ti dún. Ọmọ bú sẹ́kún. Nígbà tó yá, ìyá náà bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí."

Ta wá ni wọ́n ń bínú sí? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Ní Kwara tiwa, ilé ìwé ti wà ní títì. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹrin, ìjọba kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ tó ní in níbí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù náà, inú pálọ̀ la sì ti ń kírun Tarawih.

Ẹ ka ohun tó tì: ilé ìwé láàárọ̀, ilé kéwú nírọ̀lẹ́, mọ́ṣáláṣí, ọjà, àti agbo ilé wa ní Pàkátà, níbi tí ìyá wa wà. A ò lè lọ síbẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà wá ká má gbé àrùn lọ bá arúgbó.

Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọmọ nìkan la máa ń rò pé igba ojú náà ń wò. Irọ́ ni. Wọ́n ń wo òbí náà. Nínú agbo ilé, bí ìyá bá gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan á ti ẹ̀yìnkùlé kígbe pé, "Ó tó!" Ọmọ á sá sẹ́yìn ìyá àgbà, inú ìyá rẹ̀ á rọ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ilé kéwú pàápàá, yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ ọmọ, ó ń jẹ́ kí ìyá rí wákàtí méjì mí. Kónílé-ó-gbélé kó gbogbo ojú wọ̀nyẹn lọ. Igba ku méjì, méjì ọ̀hún sì ti rẹ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn máa tìlẹ̀kùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé influenza wọ Èkó, ó sì bá ọ̀nà reluwé wọ àárín ìlú. Wọ́n ti ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì pa l'Ékòó. Àmọ́ inú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà nígbà náà. Bí wọ́n tilẹ̀kùn ìta, ìyá àgbà ṣì wà nínú ilé. Yàrá tí a háyà ní Tankẹ́ àti Adéwọlé kò rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà Adéoyè Lambo ti mọ̀ nípa èyí tipẹ́. Ní 1954, ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ó fi àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí aláìsàn ní láti bá a wá, kó sì máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbà pé ojúlùmọ̀ wà lára oògùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Lucie Cluver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Lancet nípa títọ́ ọmọ lásìkò kòrónà. Àjọ WHO àti UNICEF wà lára àwọn tó pín ìmọ̀ràn náà kiri: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, yìn ín, jẹ́ kí ọjọ́ ní ètò, sọ òótọ́ nípa àrùn náà fún un. Bí inú bá ń bí ọ, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mí sínú, mí síta, kó o tó ṣe ohunkóhun.

Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn kọ́ ni "Ó tó!" ìyá àgbà? Wọ́n ní kí òbí máa pa á fúnra rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó máa bá a pa á.

Lọ́jọ́ kejì ìgbátí yẹn, mo pe ìyá wa, mo gbé fóònù sórí sípíkà. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìṣínu, àwọn ọmọ á fẹjọ́ sùn, Màmá á dá a, wọ́n á sì pàlọ́ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ẹ gbé fóònù fún ìyá yín." Ẹ̀gbọ́n mi á bọ́ sí ìta, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn mọ̀ pé mi ò gbọ́ ìgbátí mọ́ títí wọ́n fi ṣílé ìwé.

Láìpẹ́ yìí, mo bi ọmọ náà léèrè ohun tó rántí nípa 2020. Ó ní àlọ́ Màmá Pàkátà. Kò rántí ìgbátí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rántí.

Tiyín ńkọ́? Ta ló ń sọ fún òbí yín pé "Ó tó" nígbà náà? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná.