Kí Ni Ká Pe Ẹni Tó Ń Sin Asáré Sọ́nà?

Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ni ọ̀pọ̀ oníròyìn Yorùbá ń pe máratọ́ọ̀nù. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Kìlómítà 42.195 kò fẹ́ èémí nìkan, ó fẹ́ ìṣirò. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹṣin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máratọ́ọ̀nù Èkó ní Sùúrùlérè, lórí afárá Third Mainland ni yóò ti mọ̀ pé Èkó gùn.

Ìṣirò yìí gan-an ni kò tíì ní ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló dá lé. Olùkọ́ eré ìdárayá ní láti wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn. “Ìyára” wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìyẹn: kìlómítà mélòó ní wákàtí kan? Ìbéèrè asáré yàtọ̀: ìṣẹ́jú mélòó ni kìlómítà kan ń gbà? Ẹni tó fẹ́ parí ní wákàtí 4 kò gbọdọ̀ lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 lọ lórí kọ̀ọ̀kan. “Ìwọ̀n eré” bá èyí mu, ó sì ní èrè kan lábẹ́: etí tó bá gbọ́ “ìwọ̀n” ti súnmọ́ “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni eré tí ìlàjì kejì rẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ òdì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é: “negative split”. Tí a bá gbé òdì náà wọ Yorùbá, olùgbọ́ yóò rò pé nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo olùkọ́ ń fẹ́ nìyẹn. “Ìgbẹ̀yìn-yá” sàn jù. Ìgbẹ̀yìn-yá ni Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kenya, sá ní Berlin ní 2018: ìṣẹ́jú 61 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6 fún ìlàjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú-àáyá 33 fún ìkejì. Kelvin Kiptum sá irú rẹ̀ ní Chicago ní 2023, ó sì parí ní 2:00:35. Ṣùgbọ́n ní Berlin kan náà ní 2022, Kipchoge sá “ìbẹ̀rẹ̀-yá”, ìlàjì kejì falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ 2:01:09 rẹ̀ ló yá jù lágbàáyé nígbà náà. Bí eré ṣe rí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ; wọn kò yìn, wọn kò bú.

Tí agbára bá tán lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 30, Gẹ̀ẹ́sì a ní asáré ti kọlu ògiri. Ògiri wo, láàárín títì? Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ tọ́jú ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ọ̀rá ló kù, ọ̀rá kì í sì í tètè di agbára. “Okun tán” ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ẹni tó gbọ́ ti okun mọ̀ pé òun ló ná an. Ẹni tó gbọ́ ti ògiri á dẹ́bi fún ọ̀nà.

Ó wá ku ẹni tó ń sá níwájú kí àwọn olókìkí lè tẹ̀lé e. Ehoro ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, “aṣíwájú” sì ti bọ́ sọ́wọ́ olóṣèlú. Yorùbá a máa sin àlejò sọ́nà, kí onílé tó padà. Iṣẹ́ ẹni yìí náà nìyẹn: ó bá wọn bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà ń yà kúrò kí eré tó parí. “Asinnisọ́nà” ni ká pè é. Ní Vienna, ní October 12, 2019, ọ̀pọ̀ asinnisọ́nà ló ń pààrọ̀ ara wọn yí Kipchoge ká. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn, òun nìkan sì wọlé ní 1:59:40. Wọn kò kà á sí àkókò ìdíje; lára ìdí rẹ̀ ni pé àwọn asinnisọ́nà tí kò tíì rẹ̀ ń wọlé láàárín eré.

Àwọn tó ń gbé àsíá “4:00” fún èrò gbogbogbòò ńkọ́? Wọn kì í padà. Wọ́n ń bá èrò dé ìlà òpin, nítorí náà “asinnisọ́nà” kò bá wọn mu. “Adíwọ̀n-eré” ni tiwọn.