Àwọn Oríṣi Ẹ̀fọ́rí Tó Ń Dé Ọ̀dọ̀ Dókítà Onímọ̀ Ọpọlọ Láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Kí ẹ̀fọ́rí tó gbé ènìyàn láti Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko dé ọ̀dọ̀ dókítà onímọ̀ ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkejà, l'Ékòó, ó sábà máa ń ti ya ọ̀pọ̀ ibi. Onítọ̀hún á ti lo oògùn ibà, á ti mu àgbo, á ti ra oògùn ìrora lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Gbogbo èyí lè pa ojú ẹ̀fọ́rí náà dà, nítorí náà ìtàn ohun tí aláìsàn ti lò ṣe pàtàkì bí ìtàn ìrora náà fúnra rẹ̀.

Ìlànà tí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀fọ́rí Àgbáyé tẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kẹta ní 2018 ya ẹ̀fọ́rí tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí àìsàn mìíràn tàbí oògùn fà. Láàárín àwọn tó dá dúró, iye wákàtí ń ṣèrànwọ́ púpọ̀. Túúlu, tí àwọn dókítà ń pè ní migraine, ń gba wákàtí 4 sí 72 bí a kò bá tọ́jú rẹ̀: ó sábà ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, èébì ń gbé ni, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo di ìyọnu. Ebi àti àìsùn lè ru ú sókè; ẹni tó ń jí láago mẹ́rin kí ó lè la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Badagry já láìjẹun mọ èyí dáadáa. Oríṣi kejì ń fún gbogbo orí bí gèlè tí wọ́n wé le jù, láti ìṣẹ́jú 30 títí dé ọjọ́ 7. Kì í sábà dáni dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òǹtàjà Alábà lè gbé e kiri títí ọjà á fi tú láìronú kan dókítà. Òun ló wọ́pọ̀ jù nílùú, ṣùgbọ́n túúlu ló ń lé ènìyàn wá sílé ìwòsàn.

Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn sí pàtàkì. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní ìlú Igbó-Ọrà, wọn kò dúró de aláìsàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992 fi túúlu sí nǹkan bí 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà kì í ṣe Ọ̀jọ́, a kò lè gbé iye yìí ka ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó fara sin jù ni ẹ̀fọ́rí tí oògùn ẹ̀fọ́rí ń fà. Orí ń fọ́ ẹni tó ti ní àìsàn ẹ̀fọ́rí tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oògùn sì ti wọ̀ ọ́ lára ju oṣù 3 lọ. Ààlà paracetamol lásán ni ọjọ́ 15 lóṣù. Ti àdàlù oògùn jẹ́ 10 péré. Alabukun, tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918, jẹ́ àdàlù aspirin àti caffeine. Mi ò fẹ̀sùn kan oògùn náà. Iye ọjọ́ ni mo ń sọ. Bí a bá dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró, ìrora lè kọ́kọ́ le sí i kí ó tó rọlẹ̀, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ṣáájú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìlànà 2018 náà kò dá a lẹ́bi ẹ̀fọ́rí àfi tó bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí orí fọ́ òun kó tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí tó bẹ́ lójijì, èyí tó bá ibà àti ọrùn líle wá, tàbí ti aláboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, kì í ṣe ohun à ń fọjọ́ dá. Ọ̀dọ̀ pàjáwìrì ni.

Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé láàárọ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti jáde, ibi tí jẹnẹrétọ̀ sùn lóru ni kí dókítà béèrè. Èéfín carbon monoxide tó ń tú jáde lára rẹ̀ kò lóòórùn, paracetamol kò sì lè lé e. Atẹ́gùn ìta ni, lẹ́yìn náà ọ́síjìn nílé ìwòsàn.