Ìṣubú Tí Ó Di Ẹ̀kọ́: Ìrìn-àjò Sátẹ́láìtì Galileo Karùn-ún àti Ìkẹfà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ẹ̀yìn sí ìṣubú kan nínú ìtàn sátẹ́láìtì atọ́nà, kí ó lè yé wa bí wọ́n ṣe ń dé ipò wọn.

Kì í ṣe agbára ìgbéra rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ní í gbé sátẹ́láìtì atọ́nà débẹ̀. Ipò tí ilẹ̀ Yúróòpù yàn fún Galileo ga tó 23,222 kìlómítà. Ọ̀nà ìyípo rẹ̀ dagun ní nǹkan bí dígírì 55 sí ìlà agbedeméjì ayé, kí àwọn tó wà ní ìhà àríwá pátápátá má baà pàdánù rẹ̀. Nígbà tí Soyuz ṣì ń gbé e láti Kourou, ní Guiana ti àwọn Faransé, Fregat, ẹ̀rọ tó wà lókè rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ni ó máa ń parí iṣẹ́. Ìtanná àkọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ sí ọ̀nà tó rí bí ẹyin. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ó lé, ìtanná kejì máa ń sọ ọ̀nà náà di róbótó.

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 2014, Fregat tanná kejì, ṣùgbọ́n ibi tí ó kọjú sí kọ́ ni ó yẹ. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n de ọ̀pá tí hydrazine ń gbà pọ̀ mọ́ ọ̀pá helium tó tutù púpọ̀. Hydrazine dì, epo ìdarí kò sì ráyè kọjá. Báyìí ni Galileo karùn-ún àti ìkẹfà bọ́ sí ọ̀nà tó ń lọ láti 13,713 dé 25,900 kìlómítà, ní igun dígírì 49.8.

Epo inú wọn kò tó láti tún igun ṣe, nítorí èyí ní í náni jù. Ṣùgbọ́n láàárín ìparí ọdún 2014 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2015, wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ gbé ibi tó rẹlẹ̀ jù ga sí i ní nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Nítorí pé wọ́n ṣì ń súnmọ́ ayé, tí wọ́n tún ń jìnnà sí i, aago inú wọn ń yára, ó sì ń falẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Jámánì fi èyí dán tíọ́rì Einstein wò, àbájáde wọn sì péye ju ti 1976 lọ.

Ní ìkádìí, kí olùkọ́ má fi àṣìṣe pamọ́ nínú ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó mọ ohun tó gbé Fregat ṣubú ti mọ bí ó ṣe yẹ kí ó rìn.