De Havilland Canada DHC-4 Caribou

De Havilland Canada DHC-4 Caribou jẹ́ bàálù akẹ́rù ológun ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tí wọ́n ṣe ní Kánádà fún ìgbéra àti ìbalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò gùn. Ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1958. Àpapọ̀ 307 ni wọ́n ṣe. Àwọn ológun Amẹ́ríkà àti ti Austrálíà ni ìtàn rẹ̀ pọ̀ sí lọ́wọ́ jù, ṣùgbọ́n Ghánà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Sámbíà náà lò ó.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó mítà 29, àwọn pátákó tí ó ṣe é sọ kalẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí awakọ̀ bá sọ pátákó wọ̀nyí kalẹ̀, bàálù náà lè rọra máa lọ lójú òfurufú láìjábọ́. Bí ó tilẹ̀ ru ẹrù dé ìwọ̀n kìlógíráàmù 12,900 lápapọ̀, nǹkan bí mítà 220 ni ó ń sá kí ó tó gbéra. Bí ó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, awakọ̀ a yí abẹ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì padà kí ó lè máa ti afẹ́fẹ́ síwájú, èyí a sì dá a dúró kíákíá. Ó ń gba ọmọ ogun 32, ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ẹrù ń gbà wọlé.

Ìrántí àwọn awakọ̀

Ogun Fiẹtnámù ni ọ̀pọ̀ ìrántí wọ̀nyí ti wá. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ni Caribou níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n fà á lé ọmọ ogun òfurufú lọ́wọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì di C-7. Àwọn ará Austrálíà ti dé Vung Tau láti oṣù Kẹjọ ọdún 1964. «Wallaby», ẹranko ilẹ̀ wọn, ni orúkọ ìpè wọn lórí rédíò, àwọn ènìyàn sì sọ wọ́n di «Wallaby Airlines». Jeff Pedrina, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, fi orúkọ yìí pe ìwé ìrántí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń yin Caribou nítorí eré, nítorí nǹkan bí kìlómítà 290 ni ó sábà ń rìn ní wákàtí kan. Ohun tí wọ́n ń rántí ni ariwo ẹ́ńjìnnì, àti àwọn ọ̀pá ìdarí agbára ẹ́ńjìnnì tí ó wà lókè orí, tí awakọ̀ ní láti nawọ́ sókè kí ó tó tó o. Wọ́n ń rántí ẹrù pẹ̀lú: ọta ìbọn, ìrẹsì, ọmọ ogun, àti ẹlẹ́dẹ̀ òun màlúù láàyè fún àwọn àgọ́ orí òkè. Ojú ọ̀nà àgọ́ wọ̀nyí jẹ́ erùpẹ̀ kúkúrú, nígbà mìíràn ní góńgó òkè. Kí òǹkàwé má gbàgbé pé àwọn tí ó padà wálé ni ó kọ ìrántí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nítòsí Duc Pho, ọta àgbá Amẹ́ríkà fúnra wọn gé ìrù Caribou kan bí ó ti ń bọ̀ wá balẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Hiromichi Mine, ayàwòrán ará Jàpáànù, ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó jábọ́, àwòrán náà sì wà lára èyí tí a mọ̀ jù nínú ogun náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, nígbà tí ọ̀tá yí àgọ́ Dak Seang ká, wọ́n yìnbọn já Caribou mẹ́ta lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù sílẹ̀ ní òru, bàálù oníbọn sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ẹrù yóò bọ́ sí.

Lẹ́yìn ogun

Austrálíà ni ó pẹ́ jù lórí rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ní Papua New Guinea, àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ lórí pápá tí ó dagun, tí òkè dí òpin rẹ̀, tí kò sì sí ààyè láti tún gbéra bí ìbalẹ̀ bá bàjẹ́. Nígbà ọ̀dá ọdún 1997 sí 1998, bàálù yìí gbé oúnjẹ lọ fún àwọn abúlé tí ọ̀nà ọkọ̀ kò dé. Ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2009 ni Austrálíà fi Caribou sílẹ̀.