Ọ̀nà tí APPEND FROM gbà dé ọwọ́ wa

Bí a bá ṣí dBASE, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, nígbà náà, tóótó kan ṣoṣo la máa ń bá lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni yóò sọ ohun tó ń fẹ́. Èmi a tẹ USE, màá kọ orúkọ fáìlì tí yóò gba ẹrù. Lẹ́yìn náà màá tẹ APPEND FROM pẹ̀lú orúkọ fáìlì tí ẹrù ń ti inú rẹ̀ bọ̀. Ó parí. Ìwé owó oṣù ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú dísìkì pẹlẹbẹ, èmi a sì kó gbogbo wọn sójú kan láìtún orúkọ ẹnikẹ́ni tẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ da orúkọ kọ láti inú lẹ́jà kan sí òmíràn yóò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn àṣẹ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Pasadena ní California ni dBASE ti ṣẹ̀ wá, ní Jet Propulsion Laboratory, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ gbalasa òfurufú tí kò ní èèyàn nínú. Wọ́n ní ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní JPLDIS, tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá UNIVAC 1108. Jeb Long wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wayne Ratliff ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣírò ẹgbẹ́ tí yóò borí. Ní 1978 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tirẹ̀ nílé, JPLDIS ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó sọ ọ́ ní Vulcan, orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì Spock inú eré Star Trek. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé bọ́ọ̀lù, ètò náà ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

George Tate àti Hal Lashlee, àwọn oníṣòwò, ló wá ń ta Vulcan lẹ́yìn náà. Wọ́n pè é ní dBASE II, kí àwọn oníbàárà lè rò pé ó ti gbó díẹ̀. Kò sí dBASE I rí. Dọ́là 695 ni wọ́n ń tà á. Ilé iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Ashton-Tate, bẹ́ẹ̀ kò sí Ashton kankan láàárín wọn. Tate kú ní 1984, ọmọ ogójì ọdún, ọdún yẹn gan-an ni dBASE III jáde.

Ohun tí APPEND FROM ń wò ni orúkọ fíìdì, ìyẹn àyè tí a ń kọ ẹyọ ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan sí. Bí fáìlì méjèèjì bá ní SALARY, owó á bọ́ sí ibi tó yẹ, ì báà jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kọ SURNAME tí èkejì kọ NAME, orúkọ kò ní wọlé, kò sì ní sọ fún ọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn ju àyè tó ń gbà á lọ, gígé ni yóò gé e. Àkọsílẹ̀ tí a ti sàmì sí pé kí a pa á rẹ́ lè wọlé bí èyí tó yè, àfi bí a bá kọ́kọ́ tẹ SET DELETED ON. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọ àwọn ẹ̀ka pé kí gbogbo wọn lo orúkọ fíìdì kan náà, kí a tó dá fáìlì kankan sílẹ̀ rárá.

Ní 1988, Ashton-Tate pe Fox Software ti Ohio lẹ́jọ́, nítorí pé FoxBASE, ètò tí Fox ń tà, ń gbọ́ àwọn àṣẹ dBASE kan náà. Ní December 1990, Adájọ́ Terry Hatter gba ẹ̀tọ́ àdàkọ lọ́wọ́ Ashton-Tate, ó ní wọ́n fi í pamọ́ pé inú JPLDIS ni dBASE ti jáde. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó yí ìdájọ́ náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ Borland ra Ashton-Tate ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà mú un ṣe àdéhùn pé kò ní sọ pé òun nìkan ló ni èdè àṣẹ dBASE. Mo gbà pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akọ̀wé bíi tèmi, tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kankan, ló ti fi èdè yẹn tọ́jú ìwé wọn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá tì í mọ́lé, iṣẹ́ wa ló tì mọ́lé.

Microsoft ra Fox ní 1992, APPEND FROM sì wà nínú FoxPro, tó rọ́pò FoxBASE, títí dé ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ṣì ń pààrọ̀ fáìlì DBF, irú fáìlì dBASE, nínú shapefile tí wọ́n fi ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀, orúkọ fíìdì inú rẹ̀ kò sì tíì gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ.