"Enter bus": Ìtàn ọ̀rọ̀ ìṣe kan láti Jíbówú

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ dánfó ní Jíbówú rí ti gbọ́ igbe kọ̀ńdọ́: "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "Enter with your change" ni. Olùkọ́ á ní àṣìṣe ni, pé "board" tàbí "get on" ló yẹ bọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n níbo ni "enter" yìí ti wá?

Inú Yorùbá ni. À ń wọ ilé, à ń wọ ọkọ̀, à ń wọ aṣọ, à ń wọ ẹgbẹ́. Oòrùn pàápàá ń wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan yìí fún márùn-ún: enter, board, wear, join, set. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn tirẹ̀. Láti inú èdè Faransé ni "enter" ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Ní ti "board", ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kó tó di ọ̀rọ̀ ìṣe.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ará Ṣáínà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní irú ìṣòro yìí: "shàng", tó túmọ̀ sí "gòkè", ni wọ́n ń lò fún wíwọ ọkọ̀, òun náà ni wọ́n ń lò fún lílọ sí kíláàsì.

Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 la ti ń wá bí a ó ṣe fi èdè méjèèjì wé ara wọn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sọ "fánákúlà" ní kíláàsì á jẹgba tàbí kó san owó ìtanràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa gba ọ̀nà mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ nígbà àgùnbánirọ̀. Bí ọmọ kan bá sọ pé "I entered bus", ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ wá fi ibi tí ọ̀nà ti yà hàn án. Ọmọ tó mọ oríta kì í tètè ṣìnà.